Eré Ọ̀bọ Alágbọ̀n Tí O Ní Kí N Bá Ọ Wò

Williamsville, Abidjan.

Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi, Àṣàkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo Dakar tó gbà yín lálejò. Ara wa le. Táyé ń jẹun, ó ń sùn, ó ti ká eyín kan ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, n kò sì ní fi kíkí bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí ọ, ó ń bí mi sí ọkọ rẹ, ó ń bí mi sí fóònù, ó sì ń bí mi sí ara mi náà díẹ̀. Tìrẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìwọ ni mo kọ̀wé sí.

O máa ní kí ló dé tí n kò pè. Mo pè. Bí mo bá ṣe ń ní, "Rẹ̀mí, ọ̀rọ̀ kan wà," báyìí ni wàá ti ní, "Maman, le réseau," pé ìlà ń já, tàbí kí o ní o wà ní réunion, ìpàdé ọ́fíìsì. Lẹ́tà kì í já, kì í sì í lọ sí réunion. Aládùúgbò wa kan tó ń bọ̀ ní Dakar ló máa fi í lé ọ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé wàá kùn pé Yorùbá mi ti gùn jù. Kà á sókè. Etí rẹ mọ ohun tí ojú rẹ kò mọ̀, nítorí èmi ni mo kọ́kọ́ fi Yorùbá sí etí náà kí àwọn olùkọ́ tó fi Faransé dí i, kí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní Rémi bí ọmọkùnrin òyìnbó.

Nígbà tí o gba iṣẹ́ tuntun yìí, inú mi dùn. O ṣàlàyé fún mi pé ilé iṣẹ́ yín ń ta eré tí ènìyàn ń ṣe lórí fóònù, pé iṣẹ́ tìrẹ ni láti wo eré kọ̀ọ̀kan kí o sì sọ irú ọmọ tó yẹ kó ṣe é. Mo ní, ẹ wò ó, ọmọ mi ti di ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ẹ ń lọ, tí ẹ fi Táyé sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi títí ẹ fi máa rí ilé gbà, o fi fóònù rẹ àtijọ́ lé e lọ́wọ́. O ní, "Maman, eré kan wà nínú ẹ̀. Ọ̀bọ kan ni, ó ń fi agbọ̀n gba ọsàn. Kò sí ìbọn, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ẹ bá mi wo bí Táyé ṣe ń ṣe é, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi." O to ìbéèrè sílẹ̀ fún mi lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, pẹ̀lú báàgì léjìká: ṣé ó yé e láìjẹ́ pé ẹnìkan kọ́ ọ? Ṣé ó ń bínú bó bá pàdánù? Ṣé ó lè fi sílẹ̀ bí a bá pè é? Ṣé ó kọ́ ọ ní ohun rere kankan?

Ó dáa. Mo ti bá ọ wò ó. Wá ibi kan jókòó sí.

Ìkíní, ṣé ó yé e. Ó yé e. Èmi ni kò yé. Mo di fóònù náà mú bí ẹni di ẹyin mú, mo ń tẹ ibi gbogbo, ọ̀bọ kọjú sí ògiri ó dúró síbẹ̀, ọsàn ń já lulẹ̀ ṣáá. Táyé gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Doucement, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òsì, ọ̀tún, c'est tout." Ọmọ ọdún mẹ́fà! Kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Sọ èyí fún àwọn ọ̀gá rẹ. Sọ fún wọn pẹ̀lú pé nígbà tó yá, ó yé èmi náà, ó wá yé mi jù. Mo gbé e lọ sí ìsọ̀ níbi tí mo ti ń ta ìkòkò àti abọ́, mo ní kí n kàn wò ó fìrí kí ọjà tó gbóná. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, oníbàárà kan ti dúró níwájú mi, ó ti wúkọ́ títí ó fẹ́ẹ̀ dákú. Ó ní, "La vieille, vous dormez?" Mo ní n kò sùn, mò ń bá ọmọ mi tó wà ní Dakar ṣiṣẹ́. Ó wò mí, ó wo ọ̀bọ, ó lọ ra ìkòkò rẹ̀ níbòmíràn.

Ìkejì, o bi mí bóyá ó ń bínú bó bá pàdánù. Kò bínú rárá, ohun tó sì kọ́kọ́ kọ mí lóminú nìyẹn. Ọmọ tó bá pàdánù ayò máa ń fajú ro, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, á ní kí wọ́n tún un ta. Táyé kì í fajú ro. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fọ ìrẹsì lọ́wọ́, ó jókòó sí ẹ̀bá mi, fóònù náà dún wáúwáú. Pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé omi ló fẹ́ mu, ó ní, "Màmá, mo ti kú."

Ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ta ló kú? Má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ mọ́! Sọ pé o pàdánù."

Ó ní, "Mais Màmá, ya pas problème. Mo ṣì ní vies."

"Kí ni wọ́n ń pè ní vies?"

"Ẹ̀mí." Ó fi ìka kan ọkàn pupa kéékèèké tó wà lókè fóònù. "Ẹ̀mí mẹ́ta. Bí gbogbo ẹ̀ bá tán, on recommence, a tún bẹ̀rẹ̀."

Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ tí mo rán lọ sí ilé ìwé gíga. O wá ìbọn nínú eré yìí, o kò rí ìbọn. O wá ẹ̀jẹ̀, o kò rí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wá to ẹ̀mí mẹ́ta sórí ọ̀bọ bí ẹni to àkàrà, o fi ojú rẹ méjèèjì wò ó, o ní ó dára fún ọmọ láti ọdún mẹ́rin. Àwọn baba wa ní ẹ̀mí ò láàrọ̀. Kí ló dé tí ẹ kò lè pè é ní agbọ̀n? Agbọ̀n já, kí ọ̀bọ gba agbọ̀n mìíràn, kí eré máa lọ. Ta ló bẹ̀ yín pé kí ẹ máa pa ọ̀bọ nítorí ọsàn?

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní gbogbo ọmọ ló ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀, wàá ní mo ti dàgbà, wàá ní àwọn ọmọ mọ̀ pé eré ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè mọ̀. Ọmọ ẹnìkejì lè mọ̀. Tìrẹ ni mò ń sọ.

Mo ti ń dé ibi tí n kò fẹ́ dé, jẹ́ kí n kúkú dé e.

O sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ pé ibi tí eré náà dára sí jù ni pé ẹni méjì lè ṣe é, pé ó máa kọ́ ọmọ láti dúró kí ẹnìkejì ṣe tirẹ̀. Ó kọ́ ọ. Ìwọ tìkára rẹ mọ bí a ṣe ń ṣe nínú ilé yìí láti ìgbà tí ibà ti gba Kẹ́hìndé lọ́wọ́ wa ní hòpítù, tí Táyé ìkejì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ aládùúgbò tí kò rí nǹkan kan. A kì í sọ pé ìbejì kú. A sọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ, a ní Kẹ́hìndé ti lọ sí Èkó. Bí a bá ra aṣọ, méjì la ń rà. Bí mo bá se ẹ̀wà, mo máa bu ti Kẹ́hìndé sínú àwo kékeré kí Táyé tó fọwọ́ kan tirẹ̀. Bó bá sì béèrè ìgbà tí ìkejì òun máa dé, èmi, ìwọ, ọkọ rẹ, ẹnu wa máa ń kò: ó ń bọ̀.

Nígbà tí Táyé wá rí i pé ẹni méjì ló ń ṣe eré náà, kò pe mí kí n bá òun ṣe é. Ó ṣe tirẹ̀ tán, ó gbé fóònù lé orí àga tó kọjú sí i, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé ẹsẹ̀, ó dúró. Mo ní kí ló ń retí. Ó ní, "C'est le tour de Kẹ́hìndé, ó kàn án. Òun ló rán mi kí n kọ́kọ́ lọ wo bó ṣe rí." Ohun tí èmi fúnra mi kọ́ ọ ni, pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ọ̀bọ dúró sójú kan, ọsàn ń já, kò sí ọwọ́ tó gbé agbọ̀n. Àwọn ọkàn pupa náà ń di dúdú lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù kọ ọ́ síta pé Joueur 2, eléré kejì, ti pàdánù, ó bi í bóyá kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà. Táyé na ìka, ó tẹ Oui, bẹ́ẹ̀ ni. Ọkàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún pọ́n. Ó ní, "Voilà. Kẹ́hìndé ti dìde."

Mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo dúró níbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ.

Ó yẹ kí n ti pè ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an. N kò pè. Mo ní eré ọmọdé ni, ó máa sú u. Kò sú u. Lójoojúmọ́ ló ń ṣe ti Kẹ́hìndé fún un, bó bá jí, bó bá ti ilé ìwé dé. Ní ti ìbéèrè rẹ pé ṣé ó lè fi sílẹ̀ bí a bá pè é: tirẹ̀, ó lè fi sílẹ̀ wéré. Ti Kẹ́hìndé ni kì í fi sílẹ̀ bí kò bá tíì tẹ Oui.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìwé gba ìsinmi. Mo ní ẹrù kékeré kan tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Èjìgbò, mo mú Táyé dání lọ sí ibùdó tí àwọn ọkọ̀ gbọọrọ tó ń ná Èkó máa ń dúró sí. Ọkọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wú, wọ́n ń na ọrùn wá àwọn tó wá pàdé wọn. Èmi ń bá awakọ̀ wí pé kó má ṣe kó àpò ìrẹsì lé ìkòkò tí mo fi ń ránṣẹ́ lórí. Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ọmọ rẹ.

O kò tíì mọ ohun tí ẹ̀rù ń jẹ́. Mo pariwo orúkọ rẹ̀ títí gèlè fi bọ́ lórí mi. Mo wo abẹ́ tábìlì oníbúrẹ́dì, mo wo ẹ̀yìn òkìtì ẹrù, mo ń bi ènìyàn ní Yorùbá, mo ń bi wọ́n ní Faransé, mo ń fi èdè Júlà tí n kò gbọ́ délé bẹ àwọn tó ń ta omi. Ọ̀nà ńlá kò jìnnà síbẹ̀, àwọn bọ́ọ̀sì gbáká ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ti ń wo ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń já ẹrù ló di apá mi mú. Ó ní, "La vieille, faut pas paniquer, ya pas drap. La petite est dans le car."

Ó ní ọmọ wà nínú ọkọ̀ tó ti Èkó dé. Wọ́n ti ṣáná sí ọkọ̀ náà, wọ́n fẹ́ gbé e lọ fọ̀. Mo gùn ún láìbi ẹnikẹ́ni. Ó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, eruku kún orúnkún rẹ̀ nítorí ó ti wo abẹ́ gbogbo àga. Ó ti kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wo ojú gbogbo ẹni tó sọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ tán, ó wọlé lọ wò ó bóyá ó sùn lọ.

Ọwọ́ mi ti gòkè láti gbá a létí. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, Kẹ́hìndé n'est pas descendue, kò bá wọn sọ̀. Mo sì tẹ Oui fún un láàárọ̀ yìí."

N kò lè gbá a. Mo jókòó tì í nínú ọkọ̀ olóòórùn náà, mo fà á mọ́ra. Awakọ̀ ń fọn fèrè pé kí a sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí mi tí n kò ní kọ síbí. Mo jẹ́ kó máa sọ ọ́. 

Ṣé o rí i báyìí? N kò bá àṣà jà. Àwọn tó kọ́kọ́ ní ká máa pe ikú ìbejì ní Èkó kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n fẹ́ pa èyí tó kù mọ́, kí ọkàn rẹ̀ má bàa fà sí ti ìkejì rẹ̀. Nílé, ní ayé ìgbà náà, Èkó jìnnà, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbúròó rẹ̀, ọmọ á sì fi ọgbọ́n ara rẹ̀ mọ ohun tí àgbà ń sọ. Abidjan la wà! Níbí, Èkó jẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń lọ tó sì ń bọ̀. Ìyá oníṣòwò tó kọjú sí wa lọ sí Èkó, ó padà dé pẹ̀lú bàtà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bọ̀dá tó ń rán aṣọ lọ, ó ti dé. Gbogbo ẹni tó ń lọ ló ń dé, àfi ọmọ kan ṣoṣo. A wá gbé fóònù lé Táyé lọ́wọ́, fóònù tún fi dá a lójú pé ẹ̀mí ń padà. Àwa la bẹ̀rẹ̀ irọ́ náà, eré rẹ wá bá wa parí rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kí o má bàa rò pé mo wà lórí òkè tí mò ń sọ òkò, ṣé o rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà Abobo Gare? O kéré sí Táyé nígbà náà. Bí o bá kọ oúnjẹ, èmi a ní, "Ọlọ́pàá ń bọ̀ wá gbé ọ." Wàá yára la ẹnu. Mo rò pé mo gbọ́n. Ọjọ́ tí o sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọjà, ọlọ́pàá kan rí ọ, ó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, o sá fún un bí ẹni rí ejò, o wọ abẹ́ kẹ̀kẹ́ akẹ́rù kan lọ. Ọlọ́pàá náà dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi bisikíìtì bẹ̀ ọ́. Nígbà tí mo dé, ojú tó fi wò mí, ilẹ̀ ìbá lanu kí n wọlé. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ọmọdé kì í mọ èyí tí a fi ṣe eré nínú ọ̀rọ̀ wa àti èyí tí kì í ṣe eré. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbà gbọ́. Nítorí náà, ọmọ mi, kí o tó sọ ohunkóhun fún ọmọ, bi ara rẹ léèrè pé, bó bá gbà á gbọ́ pátápátá, ibo ló máa gbé e dé?

Ìkẹta rèé, tàbí ìkẹrin, n kò mọ èyí tí mo wà mọ́. Iṣẹ́ rẹ ni mo fẹ́ sọ. O bi mí bóyá eré yìí kọ́ ọmọ ní ohun rere kankan. Èmi náà bi ọ́ léèrè: ta ni ẹ̀ ń wò lọ́fíìsì yín? Ẹ gbé eré sórí tábìlì, ẹ yí i síwá sẹ́yìn, ẹ wò ó bóyá ó ní eyín. Ẹ kò wo ọmọ tó máa dì í mú. Ọmọ kan lè ṣe eré ọ̀bọ yìí títí kó sì sú u, kó lọ gbá bọ́ọ̀lù. Òmíràn ti ní ọgbẹ́ kan nílẹ̀ kí eré tó dé. Ìwọ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ìwọ tí o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ara rẹ, ó ṣe wá jẹ́ pé o kò rí i? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Mo sì mọ ìdí tí o kò fi rí i. Rẹ̀mí, jẹ́ kí n sọ ọ́, bó bá dùn ọ́ kó dùn ọ́. O kò fẹ́ wò ó. Wọ́n ní ìyá ìbejì kì í sunkún, kí ìyókù má bàa tẹ̀ lé e. O gbọ́ràn, o kò sunkún. O jí ní ọjọ́ kejì, o lọ fọ aṣọ. Gbogbo ènìyàn yìn ọ́, èmi náà yìn ọ́. Lẹ́yìn náà o bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níbi iṣẹ́, o bẹ̀rẹ̀ sí í fún Táyé ní fóònù nígbàkigbà tó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ, títí iṣẹ́ Dakar fi yọ, o sì fò mọ́ ọn. Iṣẹ́ náà dára, n kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nìkan kọ́ ló gbé ọ lọ. Èmi ni mo bí ọ. Mo fẹ́ràn rẹ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú báyìí.

Wò ó, mo máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ojú rẹ lè rí i kí ẹnu rẹ sì lè kà á. Kẹ́hìndé kú. Ọmọ wa kú, Rẹ̀mí. Kò sí ní Èkó. Mo ti kọ ọ́, òrùlé kò wó lé mi lórí, Táyé sì wà nínú yàrá tó ń kọrin. Bí o bá ń sunkún níbi tí o ti ń kà á, sun ún dáadáa. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí o ti sun ún. Kí ọkọ rẹ jókòó tì ọ́, kó má ṣe sọ fún ọ pé kí o ṣe bí ọkùnrin.

Ìdájọ́ mi lórí eré rẹ nìyí, kí o fún àwọn ọ̀gá rẹ bí o bá fẹ́. Eré náà kò burú. Ó ń mú ojú ọmọ ríran, ó ń mú ọwọ́ rẹ̀ yá, orin rẹ̀ nìkan ló ń fọ́ni lórí. Kọ ọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe é, bí àgbà kan bá jókòó tì í, bí ẹni tó bí i bá sì ti sọ fún un pé inú fóònù nìkan ni wọ́n ti ń dìde. Bó bá ṣòro láti kọ èyí ní Faransé, ìyẹn kò kàn mí, ìwọ lo lọ sí yunifásítì.

Má sì sọ pé kí n gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n jù ú nù. Mo ti rò ó. Bí mo bá gbà á lójijì, lójú rẹ̀, èmi ni mo pa Kẹ́hìndé. Má sì sọ pé kí n bá ọ sọ fún un. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní alẹ́ tí a ti ibùdókọ̀ dé. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo la ẹnu, mo rí i pé kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Bí ìyá-ìyá bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí ìyá ń bẹ láyé, ọmọ á máa rò pé ìyá òun kò mọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ.

Mo fẹ́ parí lẹ́tà yìí síbẹ̀ lánàá, mo ti ń wá àpòòwé. Táyé wá dúró tì mí. Ó ní ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní ìyá rẹ̀. Ó ń fi ahọ́n tọ́ ihò eyín rẹ̀ wò. Ó ní, "Màmá, Dakar tí maman lọ, ṣé bíi Èkó ti Kẹ́hìndé ni?"

Mo ní, "Rárá o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ ń bọ̀."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe sọ ti Kẹ́hìndé."

Àṣàkẹ́, o gbọ́ ohun tó sọ. Má pè é lórí fóònù, inú fóònù ni Kẹ́hìndé náà ti ń dìde fún un, kò ní gbà pé ìwọ ni. Gba àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ, kí o wá, kó fi ọwọ́ kàn ọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ, tí kò ní irọ́ kankan tó kù láti pa fún ọmọ rẹ.